Ògiri Tó Ń Mumi: Ohun Tó Yẹ Ká Fi Dí Ojú Ihò Ilé Ní Ìjọra

Bí èèyàn bá dé ìsọ̀ ọlọ́dà, tó ní òun fẹ́ ohun tí òun yóò fi dí ibi tí ògiri òun ti bó, ọlọ́jà kì í sábà bi í pé irú ògiri wo ni. Yóò nawọ́ sí àpò POP, tàbí sí ike skrídìn tí wọ́n ti pò sílẹ̀, yóò sì dá iye owó lé e. Kò jẹ̀bi, ọjà ló ń tà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí kò béèrè yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé. Ohun tí a fi dí ihò ní yàrá òkè kan ní Surulere, tó dúró gbọn-in, lè má rí òjò ọdún kan là kọjá ní yàrá ìsàlẹ̀ ní Ìjọra. Kì í ṣe pé wọ́n ta ayédèrú fún onílé. Omi ló dé sí i. Mo mọ̀ pé òwe ògiri tó lanu àti aláǹgbá ti wà lórí ahọ́n yín báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi aláǹgbá sílẹ̀ ná, omi ti wọlé ṣáájú rẹ̀.

Etí ọ̀sà ni Ìjọra wà. Ẹni tó bá ń ti Iddo bọ̀ á gba orí omi kó tó débẹ̀, ẹni tó bá sì mọ Badia, àdúgbò kan ní Ìjọra, mọ̀ pé àbàtà ni ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ jókòó lé. Lọ́dún 1973, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gba ilẹ̀ abúlé Olúwọlé láti kọ́ Tíátà Àpapọ̀ sí Igánmú, Badia ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣí nídìí lọ tẹ̀dó sí. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kíkún ni wọ́n ń kún un kó tó gbé ilé, omi kì í sì í jìnnà sí ìpìlẹ̀. Bí òjò oṣù kẹfà bá ti ń rọ̀ léraléra, omi abẹ́ ilẹ̀ a gbéra sókè, búlọ́ọ̀kù a máa fà á mu díẹ̀díẹ̀, a sì gun ògiri lọ bí òróró ti ń gun òwú àtùpà. Omi ọ̀sà sì níyọ̀ nínú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má gbàgbé àwọn ilé ẹja dídì tí Ìjọra fi lókìkí: yàrá tó bá fara ti ibi tí wọ́n ń kó yìnyín sí, ògiri rẹ̀ máa ń làágùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò kò rọ̀.

Ohun mẹ́rin ló sábà wà lára ògiri ilé wa. Búlọ́ọ̀kù ló ṣáájú, onínú ihò, íńṣì mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án. Bíríkìlà á wá fi yanrìn àti sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ìyẹn ni plásítà. Lórí ìyẹn ni pẹ́ńtà ti ń fa skrídìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ojú rẹ̀ lè dán, ọ̀dà ló ń kẹ́yìn. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ mọ ibi tí ìbàjẹ́ náà dé. Ẹ fi skírépà ha á. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dà àti skrídìn nìkan ló ń ṣí, tí abẹ́ rẹ̀ le, iṣẹ́ kékeré ni. Ẹ wá fi eegun ìka kan ògiri náà yíká. Ibi tó bá ń dún gbun-gbun bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo, plásítà ti kúrò lára búlọ́ọ̀kù níbẹ̀, ohunkóhun tí ẹ bá fi lé e lórí yóò bá a wó ni. Wíwó ni kí ẹ wó o títí dé ibi tí ìró rẹ̀ ti yí padà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn mọ́ onílé nínú, nítorí ihò tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ lè di ihò tó fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà.

Ohun tí a fi ń dí ògiri kò ju ìdílé méjì lọ: èyí tó ń gbẹ, àti èyí tó ń dì. Èyí tó ń gbẹ, dandan ni kí omi inú rẹ̀ fò lọ kó tó le. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù, yóò pẹ́ kó tó gbẹ, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń sún kì, ìdí nìyẹn tó fi ń sán bí a bá fi í nípọn. Skrídìn inú ike, tí wọ́n fi lẹ́bú ẹfun àti gọ́ọ̀mù pò, wà nínú ìdílé yìí. Èyí tó ń dì kò dúró de afẹ́fẹ́. Ńṣe ló ń gba omi sára, omi náà á sì di ara rẹ̀. POP ń dì, sìmẹ́ǹtì náà ń dì. Ibi tí àwọn méjèèjì ti yàtọ̀ ni pé bí POP bá ti dì tán, omi ṣì ni ọ̀tá rẹ̀, nígbà tí sìmẹ́ǹtì lè wà nínú omi tí nǹkan kan kò sì ní ṣe é.

Ìdí èyí hàn bí a bá mọ bí wọ́n ti ń ṣe POP. Inú òkúta gypsum ló ti wá, òkúta rírọ̀ tí wọ́n ń wà ní Yobe, Gombe àti Sokoto nílé níbí. Omi wà nínú ìṣẹ̀dá òkúta náà fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá yan án dé nǹkan bí ìwọ̀n 150 Celsius, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi náà á jáde, òkúta á di lẹ́bú funfun. Bí a bá wá da omi pọ̀ mọ́ lẹ́bú náà, á gba omi tó sọ nù padà, á móoru lọ́wọ́ wa, á sì padà di òkúta gypsum tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Òkúta yẹn máa ń yọ́ nínú omi: lítà omi kan lè yọ́ nǹkan bíi gíráàmù méjì rẹ̀. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ògiri tí omi ń gbà kọjá lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́rin kò rí i bí ohun kékeré. Kí ó tó yọ́ pàápàá ni yóò ti rọ̀, tí èékánná yóò máa ha á kúrò.

Gbogbo wàhálà yìí lè máa ya àwọn ọmọ wa tó ń gbé Houston tàbí Baltimore lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ilé ọ̀dọ̀ wọn, igi ni egungun rẹ̀, pátákó gypsum tí wọ́n fi bébà bò ló sì jẹ́ ògiri inú. Augustine Sackett ló gba ìwé àṣẹ lórí irú pátákó bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1894, ilé-iṣẹ́ United States Gypsum sì gbé tirẹ̀ tó ń jẹ́ Sheetrock jáde lọ́dún 1917. Ìdílé méjì tí mo sọ yẹn náà ló wà lọ́jà wọn. Ọ̀kan wà nínú garawa, pípò ni wọ́n pò ó wá, ó ń gbẹ, wọn a sì máa fún un ní nǹkan bí ọjọ́ kan kí wọ́n tó fa òmíràn lé e. Ìkejì jẹ́ lẹ́bú nínú àpò, wọ́n kọ ìṣẹ́jú tó fi ń dì sára rẹ̀: 20, 45, 90. Wọn a fi èyí tó ń dì dí ihò tó jìn, wọn a sì fi èyí tó ń gbẹ ṣe ojú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ nítorí ó rọrùn láti fi sáńpépà yún. Ọgbọ́n yìí wúlò fún wa níbí náà. Ohun tí kò wúlò ni kí a máa ra èyí inú garawa tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun, tí wọ́n ṣe fún pátákó inú ilé gbígbẹ, kí a sì lọ fi lẹ ìdí ògiri búlọ́ọ̀kù tó ń mu omi ọ̀sà. Bó bá jẹ́ ọ́fíìsì tí wọ́n fi pátákó gypsum pín sí yàrá yàrá lẹ ní, tàbí àjà ilé tí wọ́n fi pátákó náà ṣe, ibẹ̀ ni ààyè rẹ̀.

Bí ògiri yín bá gbẹ ní tòótọ́, tí ihò náà kò jìn, POP ni mo fara mọ́. Ó funfun, ó dán, kì í sún kì, iṣẹ́ á sì tán lọ́jọ́ kan. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pò ó ló máa ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Omi ni ká kọ́kọ́ dà sínú abọ́, ká wá máa wọ́n lẹ́bú sínú omi díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ lójú omi, ká fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kó mumi, kí a tó rò ó. Ẹni tó bá ń da omi sórí lẹ́bú á bá kókó. Ẹni tó bá ń rò ó ní àròjù á rí i pé ó dì mọ́ òun lọ́wọ́. Èyí tó sì ń jẹ àwọn èèyàn níyà jù ni abọ́ ìdọ̀tí. Ègé POP àná tó lẹ̀ mọ́ abọ́ a máa mú kí ti òní tètè dì, nítorí orí rẹ̀ ni èyí tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í so ara pọ̀. Pẹ́ńtà á wá máa bú ọlọ́jà pé POP rẹ̀ kò dára, bẹ́ẹ̀ abọ́ ló yẹ kó fọ̀. Ìwọ̀n tí ẹ lè lò tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kí ẹ pò. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í le, ẹ má da omi sí i láti sọ ọ́ jí. Yóò rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní lágbára mọ́.

Afẹ́fẹ́ Èkó tún ní tirẹ̀ láti ṣe. Àpò POP tí wọ́n ti ṣí, tí ó wà ní ìdí ìsọ̀ láti ìgbà òjò, ti ń mu ọ̀rinrin díẹ̀díẹ̀. Ẹ pò ẹ̀kúnwọ́ kan wò kí ẹ tó san owó. Bí kò bá móoru díẹ̀ bó ṣe ń dì, tàbí tó pẹ́ títí tí kò le, ẹ fi í sílẹ̀ fún oníǹkan.

Fún ìta ilé, tàbí ibi tí omi ń kàn bíi balùwẹ̀ àti ilé ìdáná, sìmẹ́ǹtì funfun ló gba ipò POP. Kò yàtọ̀ sí sìmẹ́ǹtì tí a fi ń mọlé, àfi pé wọ́n yan ohun tí irin kò pọ̀ nínú rẹ̀ láti fi ṣe é, irin ló ń mú kí èyí tí a fi ń mọlé ní àwọ̀ eérú. Àwọn pẹ́ńtà wa ń fi ọ̀dà skrídìn pò ó kó lè lẹ̀ dáadáa. Àwọn mìíràn á fi gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò sí i. Ó ń mú kó lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ máa ń rọ̀ padà bí omi bá débẹ̀, nítorí náà kì í ṣe fún ògiri tó ń tutù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi àti ọ̀pọ̀ pẹ́ńtà kò lè jọ fẹnu kò lé lórí, ìyẹn ni dída POP pọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì. Wọ́n ní POP á mú kó tètè dì, sìmẹ́ǹtì á mú kó le. Lórí ògiri gbígbẹ, ó lè pẹ́ kí àléébù rẹ̀ tó hàn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin bá wà níbẹ̀, gypsum inú POP àti èròjà aluminate inú sìmẹ́ǹtì á pàdé nínú omi, wọ́n á sì di ohun mìíràn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ettringite. Ohun náà gba àyè ju àwọn tó bí i lọ, ó ń wú. Skrídìn á bẹ̀rẹ̀ sí í lé roro, á sán, á sì gbé ọ̀dà kúrò lára ògiri. Ẹnikẹ́ni lè já mi ní koro pé gypsum wà nínú sìmẹ́ǹtì láti ilé-iṣẹ́. Òótọ́ ni: bí wọ́n bá ń lọ sìmẹ́ǹtì ní Ewékoro tàbí ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, wọn a fi gypsum díẹ̀ sí i, nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kó má bàa dì mọ́ bíríkìlà lọ́wọ́. Díẹ̀ yẹn ni wọ́n wọ̀n. Èyí tí pẹ́ńtà ń fi ṣọ́bìrì dà sí i, ta ló wọ̀n ọ́n?

Bí ìbàjẹ́ bá ti dé plásítà, ọ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́ pẹ́ńtà, ó di ti bíríkìlà. Yanrìn àti sìmẹ́ǹtì ni, kò sí ọ̀nà àbùjá. Ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan sí yanrìn márùn-ún tó. Èrò pé bí sìmẹ́ǹtì bá ti pọ̀ tó ni yóò ti le tó ló ń mú kí àbùlẹ̀ máa sán yíká etí rẹ̀, nítorí àbùlẹ̀ tó le ju ògiri lọ á máa fa ògiri ya ni. Àwọn baba wa tó fi amọ̀ mọlé, amọ̀ náà ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ. Ẹ lọ wo àwọn ilé amọ̀ ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta tí àwọn ọmọ wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lẹ́yìn náà. Sìmẹ́ǹtì ti ṣí ní odindi, amọ̀ abẹ́ rẹ̀ ti rọ̀, nítorí omi tó bá wọlé kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Ìlànà kan náà ni fún búlọ́ọ̀kù. Yanrìn tí a ó lò kò gbọdọ̀ jẹ́ ti etí òkun tí wọn kò fọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọwọ́ ara yín ni ẹ fi gbé iyọ̀ wọlé. Ẹ fi omi wọ́n búlọ́ọ̀kù kó tó di pé ẹ lẹ̀ ẹ́, kí ó má bàa fa omi inú sìmẹ́ǹtì mu. Bí ihò náà bá jìn ju sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ dí i. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi omi rin ín fún ọjọ́ méje. Ibi rírin yìí ni iṣẹ́ sábà máa ń kú sí, nítorí bíríkìlà ti gba owó rẹ̀ lọ.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ bóyá ògiri gbẹ tàbí kò gbẹ? Ojú kò tó, ọwọ́ náà kò tó. Ẹ gé náílọ́ọ̀nù tó fẹ̀ bí ojú ìwé, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri kí afẹ́fẹ́ má ráàyè, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn náílọ́ọ̀nù, níbi tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ni omi ti ń wá. Bó bá jẹ́ ojú tó kọ sí yàrá ló tutù, afẹ́fẹ́ yàrá ló ń làágùn, bóyá ilé ẹja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ló fà á, tàbí yàrá tí kò ní fèrèsé tó tó. Ìtọ́jú àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Èyí tó ń làágùn, ẹ wá ọ̀nà fún atẹ́gùn, POP lè dúró níbẹ̀. Èyí tó ń ti inú wá, ẹ tọpa omi náà: páìpù tó ń jò nínú ògiri ni, tàbí ìṣàn omi òrùlé, tàbí ilẹ̀ fúnra rẹ̀? Ti ilẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kì í sábà ga ju mítà kan lọ, ó sì máa ń fi ìlà sílẹ̀ níbi tó bá dé. Ilé tí wọ́n kọ́ láìtẹ́ náílọ́ọ̀nù tó dára sábẹ́ kọ́ńkéré ilẹ̀ ilé tí wọ́n ń pè ní Jámánì flọ́ọ̀, tí wọn kò sì fi ohunkóhun gé omi lójú ọ̀nà ní ìsàlẹ̀ ògiri, irú rẹ̀ ni yóò bá.

Iyọ̀ ló wá ń parí iṣẹ́ tí omi bẹ̀rẹ̀. Omi tó gun ògiri á gbẹ lójú ògiri, iyọ̀ inú rẹ̀ kò lè gbẹ, á kóra jọ sábẹ́ ọ̀dà, á sì tì í síta. Lẹ́bú funfun tí ẹ ń rí nísàlẹ̀ ògiri nìyẹn. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbá a kúrò, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, torí omi á yọ́ ọ, á sì dá a padà sínú ògiri. Ẹ má sì ṣì í mú fún èébu. Ẹ kán Jik díẹ̀ sí i: bí àwọ̀ dúdú rẹ̀ bá parẹ́, èébu ni, bí kò bá sí ohun tó ṣe é, ìdọ̀tí tàbí iyọ̀ ni.

Ní ti ògiri tó sán, ẹ wo bí ó ti sán kí ẹ tó wá ohun tí ẹ ó fi dí i. Àwọn ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí okùn aláǹtakùn, plásítà ló tètè gbẹ jù, skrídìn tó fún un. Èyí tó wà láàárín ògiri àti igi fèrèsé yóò máa ṣí máa pa dé bí igi ti ń wú tó sì ń sún kì, ohun líle kankan kò ní dúró níbẹ̀, ohun tó ń nà bí rọ́bà ni kí ẹ fi dí i. Ṣùgbọ́n ìlà tó gba ìkọ̀rọ̀ fèrèsé bọ́ sí ìsàlẹ̀ ní ìdábùú, tó ń ṣe kọ̀rọ̀-kọ̀rọ̀ bí àtẹ̀gùn láàárín búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀ ló ń sún nísàlẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fàlà sí orí rẹ̀ méjèèjì, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ máa wò ó. Bó bá kọjá ìlà yín, tàbí tó fẹ̀ ju mílímítà márùn-ún lọ, ẹ pe ẹ̀ńjíníà. LASBCA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́, wà fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Lándílọ́ọ̀dù tó fi POP àti ọ̀dà bo irú ìlà yẹn mọ́lẹ̀ kí ayálégbé tuntun tó dé, n kò mọ ohun tí ǹ bá pè é tí yóò ṣeé tẹ̀ sínú ìwé yìí.

Èyí mú mi dé orí ẹni tí kò ni ilé, tó sì pọ̀ ní Ìjọra ju onílé lọ. Ayálégbé kò lè wú ìpìlẹ̀ ilé onílé. Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni kí wọ́n fi táìsì bo ìdí ògiri náà, ó sì rẹwà fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n táìsì kò dá omi dúró, ojú tí omi ń gbà fò lọ ló dí, omi á wá gun òkè kọjá táìsì, ẹ ó sì rí ìlà rẹ̀ lókè ibi tó dé tẹ́lẹ̀. Gúlọ́ọ̀sì náà kò yàtọ̀. Ní tèmi, ẹ wó plásítà tó ti bàjẹ́ kúrò títí kọjá ìlà omi, ẹ fi yanrìn àti sìmẹ́ǹtì lásán rẹ́ ẹ padà, ẹ má fa skrídìn lé e, ẹ má fi POP kàn án rárá. Ẹ dúró tó nǹkan bí ọjọ́ 28 kí oró inú sìmẹ́ǹtì lè rọlẹ̀, nítorí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì máa ń jẹ ọ̀dà olóròóró run. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èmọ́ṣọ̀n lásán kùn ún. Ojú rẹ̀ kò ní dán bí ti òkè, ẹ lè gbé àga síwájú rẹ̀. Ẹ gbé àga náà jìnnà sí ògiri díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá, ẹ sì bo imú yín bí ẹ bá ń fi sáńpépà yún òkè. Bí àjà ilé náà bá jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́, ẹ má yún un rárá, ẹ kàn kùn ún bẹ́ẹ̀.